Bí ọ̀dọ́langba tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ ṣe lè tọ́jú ọkàn rẹ̀

Ìwọ ọmọ ọdún 13 sí 19 tí wọ́n sọ fún pé o ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, tàbí ti egungun, tàbí lymphoma tó ń mú kókó yọ lọ́rùn àti lábíyá, ìwọ la kọ èyí fún. Yálà UCH n'Ìbàdàn ni o ti ń gba ìtọ́jú, tàbí LUTH l'Ékòó, tàbí OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn oògùn náà jọra, ohun tí wọ́n máa ń fi ojú ọ̀dọ́ rí sì jọra pẹ̀lú. Dókítà á wo ẹ̀jẹ̀ rẹ, á wo fọ́tò X-ray rẹ, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má béèrè ohun tí o ń rò lóru nígbà tí gbogbo wọ́ọ̀dù bá ti sùn.

Ìbànújẹ́, ìbínú, ẹ̀rù àti ìtìjú tó ń dà bò ọ́ kì í ṣe láti orísun kan ṣoṣo. Oògùn ló fa òmíràn. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn èèyàn ló fa òmíràn. Òmíràn sì jẹ́ ti àìsàn náà gan-an. Bí o bá ti mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá, wàá mọ ohun tí o máa ṣe sí i.

1. Béèrè òtítọ́ nípa àìsàn rẹ

Lọ́dọ̀ wa, ó wọ́pọ̀ kí àwọn òbí gbé ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Wọ́n á ní "ẹ̀jẹ̀ rẹ ló kéré" tàbí "kókó lásán ni", dókítà á sì pe bàbá síta. Ìfẹ́ ló ń mú wọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti rí ọ̀rọ̀ náà "Oncology" (ẹ̀ka ìtọ́jú jẹjẹrẹ) lára ilẹ̀kùn, tó sì ní dátà lórí fóònù, ti mọ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. Ó wá di pé òun nìkan ń dá ẹ̀rù tirẹ̀ gbé, àwọn òbí náà ń dá tiwọn gbé, gbogbo wọn nínú yàrá kan náà.

Kí ọjọ́ kíníìkì tó pé, bá èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù nínú àwọn òbí rẹ sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kó gùn: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wà níbẹ̀ tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀ nípa mi. Àìmọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù jù." Lẹ́yìn náà kọ ìbéèrè rẹ sínú ìwé, torí pé ẹ̀rù máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn bó bá ti jókòó síwájú dókítà. Èyí tó láti fi bẹ̀rẹ̀:

- Kí ni orúkọ àìsàn mi gan-an, ibo ló sì dé nínú ara mi?
- Ìgbà mélòó ni màá gba oògùn, ọ̀sẹ̀ mélòó ló máa wà láàárín ọ̀kan sí èkejì?
- Kí lẹ ń retí pé kí oògùn yìí ṣe? Ṣé kí àìsàn náà lọ pátápátá ni, àbí kó má ṣe gbilẹ̀ sí i?
- Nínú ohun tí oògùn máa ṣe fún ara mi, èwo ló máa lọ, èwo ló lè má lọ?
- Ṣé ó lè dí mi lọ́wọ́ àtibímọ lọ́jọ́ iwájú?

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn gbọ́dọ̀ wáyé kí dríìpù àkọ́kọ́ tó wọ ara rẹ. Àwọn kan nínú oògùn jẹjẹrẹ lè ba agbára ìbímọ jẹ́. Ọmọkùnrin tó ti bàlágà lè fi àtọ̀ pamọ́ sínú yìnyín nílé ìwòsàn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ bíbí, ṣùgbọ́n bí oògùn bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́. Ọ̀nà wà fún ọmọbìnrin náà, àmọ́ ó máa ń gba àkókò jù bẹ́ẹ̀ lọ, àìsàn mìíràn kì í sì í fúnni láàyè yẹn. Ó ń náni lówó. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í dá a sọ nítorí pé ọ̀rọ̀ ìtìjú ni lójú òbí. Bí ojú bá ń tì ọ́ níwájú bàbá rẹ, kọ ọ́ sí bébà kí o fún nọ́ọ̀sì.

O tún lè béèrè pé, "Ṣé mo lè kú?" Dókítà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bú mọ́ ọ, kò sì ní búra fún ọ. Á sọ ohun tó mọ̀.

Mọ èyí pẹ̀lú: jẹjẹrẹ kì í ràn. O lè lo ṣíbí kan náà pẹ̀lú àbúrò rẹ, ẹ lè sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́, kò sí ẹni tó lè tọ́ka sí ohun tó fà á, kì í sì í ṣe ohun tí o jẹ, tàbí ẹ̀ṣẹ̀ tí o dá, tàbí ẹni tí o bá ṣeré.

2. Ra ìwé ewé 40 kan, kí o máa kọ ọjọ́ rẹ sí i

Gbogbo ìgbésẹ̀ tó kù dúró lórí èyí. Lálẹ́, kọ ìlà kan ṣoṣo: ọjọ́ kelòó lẹ́yìn dríìpù, oògùn tí o lò, bí ara ṣe rí, bí ọkàn ṣe rí. Fún ọkàn, lo nọ́ńbà láti 0 dé 10. 0 ni pé ọkàn rẹ balẹ̀ pátápátá, 10 ni pé o ò lè fara dà á mọ́. Ó lè rí báyìí:

Ọjọ́ 1: dríìpù. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn 4.
Ọjọ́ 3: prednisolone. Ebi ń pa mí ṣáá, n ò sùn. Ọkàn 7. Mo pariwo mọ́ àbúrò mi nítorí rìmóòtù.
Ọjọ́ 9: kò sí oògùn. Ó rẹ̀ mí, ẹnu mi ní egbò. Ọkàn 6. Mo sunkún láìnídìí.
Ọjọ́ 17: mo rìn dé ìta. Ọkàn 2.

Ìdí tí a fi ń ka ọjọ́ rèé. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nínú àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní kímò, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Ara á rẹ̀ ọ́ wá, ọkàn á sì tẹ̀ lé ara. Bí o bá kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́, nígbà tí ìgbà kejì bá dé, wàá rí i fúnra rẹ pé ẹkún ọjọ́ 9 máa ń wá, ó sì máa ń lọ kó tó di ọjọ́ 17. Ẹkún tí o mọ ọjọ́ tó máa lọ kì í dẹ́rù bani bí èyí tó dà bíi pé kò ní tán. Nọ́ńbà náà wúlò fún dókítà pẹ̀lú: "ọkàn mi wà ní 7 fún ọjọ́ márùn-ún" sọ nǹkan tí "inú mi ò dùn" kò lè sọ.

Ohun tó sábà ń ba ìwé yìí jẹ́ ni pé àwọn ará ilé á fẹ́ kà á. Sọ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìwọ àti dókítà nìkan ló ni ín.

3. Ya ìbínú oògùn sọ́tọ̀ kúrò lára ìwà rẹ

Prednisolone àti dexamethasone, àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, máa ń yí ìṣe èèyàn padà. Ọmọ jẹ́jẹ́ á di ẹni tó ń kanra, á máa rẹ́rìn-ín ní aago mẹ́wàá, á sì máa sunkún ní aago mọ́kànlá. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú, ebi á máa pa á lóru. Bí wọ́n bá sì dá oògùn náà dúró, ọkàn lè wó lulẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀.

Lo o lẹ́yìn oúnjẹ. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bóyá o lè lò ó ní àárọ̀, torí pé èyí tí èèyàn bá lò lálẹ́ kì í jẹ́ kó sùn. Jẹ́ kí àwọn ará ilé mọ ọ̀sẹ̀ tí o ń lò ó, kí wọ́n lè mọ̀ pé àríyànjiyàn kéékèèké lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí o bá ti jágbe mọ́ ẹnì kan, tọrọ àforíjì, má sì fi ọjọ́ mẹ́ta jẹ ara rẹ níyà lórí rẹ̀. Àmọ́ má ṣe dá oògùn náà dúró fúnra rẹ láéláé. Tí o bá ti ń lò ó, ara á dẹwọ́ nínú ṣíṣe irú tirẹ̀. Bí o bá jáwọ́ lójijì, o lè dákú.

Àwọn ohun kan wà tó ń dẹ́rù bani nítorí pé ẹnikẹ́ni ò sọ wọ́n ṣáájú. Doxorubicin, oògùn pupa yẹn, máa ń mú kí ìtọ̀ pupa fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Àwọ̀ oògùn ni. Vincristine, oògùn kímò mìíràn, lè mú kí orí ìka máa ta ọ́ bí abẹ́rẹ́, kí àgbọ̀n máa dùn ọ́, kí ìgbẹ́ le. Sọ ọ́ fún wọn ní kíníìkì, má fi ṣe àṣírí.

4. Mọ ohun tó yẹ kí o sáré fún

Ẹni tó ń bẹ̀rù gbogbo nǹkan kì í sinmi. Ra tẹmómítà kan sílé. Bí ara rẹ bá gbóná dé 38°C tàbí jù bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ òru, má sì kọ́kọ́ lo paracetamol láti fi bò ó mọ́lẹ̀. Bákan náà ni bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tí kò dúró, bí èémí bá ń nira, bí gìrì bá mú ọ, tàbí bí omi lásán ò bá dúró nínú rẹ. Lẹ àkọsílẹ̀ yìí mọ́ ara ògiri pẹ̀lú nọ́ńbà wọ́ọ̀dù. Bí ohun tí kò sí lórí rẹ̀ bá ń dà ọ́ láàmú, pe wọ́ọ̀dù kí o béèrè bóyá ó lè dúró di ilẹ̀ mọ́.

5. Ọjọ́ dríìpù

Lẹ́yìn ìgbà méjì tàbí mẹ́ta, èébì lè máa gbé ọ kí oògùn tó dé ara rẹ rárá. Òórùn Izal ní kọ́rídọ̀ ti tó. Ọpọlọ ló ti so òórùn náà pọ̀ mọ́ èébì. Kì í ṣe pé o jẹ́ ojo. Sọ fún dókítà pé ó ń ṣẹlẹ̀ kí o tó gba oògùn, torí pé oògùn wà tí wọ́n lè fún ọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú tàbí láàárọ̀, kó tó di pé èébì bẹ̀rẹ̀.

Má ṣe jẹ oúnjẹ tí o fẹ́ràn jù lọ́jọ́ yẹn. Bó bá jẹ́ dòdò àti ẹ̀wà ni o jẹ tí o wá bì, ọpọlọ á kà á sí ẹ̀bi ẹ̀wà, o sì lè má fẹ́ rí i fún ọ̀pọ̀ oṣù. Jẹ ohun tí kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ, bíi bisikíìtì tàbí ògì tí kò ní ṣúgà púpọ̀, kí o sì mú èèpo ọsàn dání kí o máa gbóòórùn rẹ̀.

Fún abẹ́rẹ́: apá tó tutù ni iṣan rẹ̀ máa ń sá. Ti ọwọ́ bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, mu omi dáadáa láti àná, kí o sì sọ fún nọ́ọ̀sì apá tó dára nígbà tó kọjá. Ẹ̀tọ́ rẹ ni láti sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta kí ẹ tó gún mi."

Fún ẹ̀rù: fa èémí sínú kí o ka dé 4, jẹ́ kó jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kí o ka dé 6. Ìgbà mẹ́wàá. Èémí tó ń jáde pẹ́ yẹn ló ń mú kí ọkàn tó ń lù kì-kì-kì rọlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ní kò ṣiṣẹ́ nítorí pé orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò. Fi í kọ́ra nílé láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí kò sí ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù.

6. Irun

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í re ní ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta. Ìdì irun lórí ìrọ̀rí láàárọ̀ ló máa ń dunni ju orí pípá lọ, nítorí náà gé e mọ́lẹ̀ ṣáájú, lọ́jọ́ tí ìwọ fúnra rẹ mú. Lo ẹ̀rọ, má lo abẹ, kó má bàa gé ọ. Ọmọbìnrin lè ṣètò ìbòrí tàbí wíìgì kó tó re. Ó ń dun ọmọkùnrin náà, bí ẹnikẹ́ni ò tiẹ̀ bi í. Fìlà wà fún un. Irun ìpéǹpéjú àti irun ojú lè lọ pẹ̀lú. Ó máa ń hù padà láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí oògùn bá parí, nígbà mìíràn pẹ̀lú ìrísí tó yàtọ̀.

Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gé nítorí jẹjẹrẹ egungun, béèrè kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé pé kí wọ́n fi ẹsẹ̀ àtọwọ́dá hàn ọ́. Mọ̀ pẹ̀lú pé ẹsẹ̀ tí kò sí mọ́ ṣì lè máa dun èèyàn. Kì í ṣe wèrè, ó ní oògùn.

7. Àwọn èèyàn

Ibí ni iṣẹ́ pọ̀ sí. Àbúrò bàbá á wá, á ní ayé ló ṣe é. Ẹnì kan á fojú sí ìyá àgbà lára. Aládùúgbò á gbé àgbo wá nínú ike. Wòlíì á ní kí o gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje.

Ìwọ ọmọ ò lè bá àgbà jà, ṣùgbọ́n o lè fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ dáàbò bo ara rẹ. Sí ẹni tó gbé àgbo wá: "Ẹ ṣé gan-an Sà, Ọlọ́run á san án fún yín. Dókítà ní a gbọ́dọ̀ fi ohunkóhun tí mo bá fẹ́ mu han òun ná." Òótọ́ ni o sọ: ẹ̀dọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí oògùn kímò ni àgbo náà máa kọjá lára rẹ̀, èyí sì lè mú kí wọ́n dá ìtọ́jú dúró. Bí o bá ti mu ún, jẹ́wọ́ fún dókítà. Sí ẹni tó ní kí o gba ààwẹ̀: "Ẹ bá mi gbà á, Mà, kí èmi máa jẹun." Àdúrà ò ní ká má jẹun, ara tó ń gba kímò sì nílò oúnjẹ. Fún àbẹ̀wò tó pẹ́ jù, ẹ jọ fi àmì sílẹ̀, ìwọ àti màmá rẹ: bí o bá ti fa ìbòrí dé àgbọ̀n, wọ́n á dìde sin àlejò jáde.

Yan ọ̀rẹ́ kan tàbí méjì, kì í ṣe gbogbo kíláàsì. Fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹnu bá wúwo: "Mo ní jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Mo ń gba oògùn, kò ràn. Máa bá mi sọ̀rọ̀ bíi tàtẹ̀yìnwá, sọ gist ilé ìwé fún mi. Bí n ò bá dáhùn, ó rẹ̀ mí ni." Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tó sá, kò mọ ohun tó máa sọ ni; ìwọ ti wá sọ fún un.

Bí wọ́n bá fẹ́ fi fọ́tò rẹ tọrọ owó lórí Facebook, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ọ́. O lè ní kí wọ́n lo èyí tí irun wà lórí rẹ. O lè ní kí wọ́n má fi ojú rẹ hàn. Fọ́tò tó bá ti jáde kì í padà sílé.

Owó ńkọ́? Ọ̀dọ́ tó rí i pé wọ́n ta ilẹ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì fi yunifásítì sílẹ̀ nítorí rẹ̀, máa ń dákẹ́ pẹ̀lú èrò kan: "Ó sàn kí n kú ká lè sinmi." Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ ọ́ síta fún òbí rẹ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: "Owó tí ẹ ń ná ń wúwo lórí mi." Ẹ̀yin òbí, ẹ má dáhùn pé "kò kàn ọ́". Ẹ sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ yàn án, àti pé ẹ tún lè yàn án lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ má sì máa ṣírò owó oògùn létí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí owó bá tán gan-an, ẹ lọ bá àwọn social worker ilé ìwòsàn, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ran aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ lọ́wọ́, kí ọjọ́ oògùn tó kọjá. Ọ̀kan lára ohun tó ń pa ọ̀dọ́ tó ní jẹjẹrẹ nílẹ̀ wa ni fífi ìtọ́jú sílẹ̀ láàárín, nígbà tí kókó ti ń rọ̀, tí gbogbo ilé rò pé ó ti tán.

8. Ilé ìwé

Gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà fún ọ̀gá ilé ìwé. Má fi tipátipá jókòó ṣe WAEC ní ọjọ́ 9. Fi dríìpù àti déètì ìdánwò wé ara wọn, kí o bi dókítà bóyá wọ́n lè sún un. Bí kò bá ṣeé ṣe, NECO wà, ọdún tó ń bọ̀ náà wà. Ìṣẹ́jú ogún ìwé kíkà lóòjọ́ tó, ní ọ̀sẹ̀ tí ara bá dá.

9. Bí ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì bá kú

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àwọn àgbà á sì ní wọ́n ti gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù mìíràn. Béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kó sọ òótọ́ fún ọ. Sunkún. Sọ orúkọ rẹ̀, kọ ohun tí ẹ jọ ṣe sínú ìwé rẹ. Ìgbà náà ni ọkàn á sọ pé èmi ló kàn. Béèrè lọ́wọ́ dókítà bí àìsàn tirẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí tìrẹ, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, irú jẹjẹrẹ náà yàtọ̀, ibi tó dé yàtọ̀, ìgbà tó dé ilé ìwòsàn náà yàtọ̀. Inú rẹ lè dùn pé kì í ṣe ìwọ, kí ojú sì tì ọ́ fún ìdùnnú náà. Kò sí ibi tó burú nínú èyí.

10. Ìgbà tó bá kọjá agbára ìwé àti èémí

Wo ìwé rẹ. Bí nọ́ńbà ọkàn bá wà ní 7 sókè fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò tẹ̀ lé ọjọ́ oògùn mọ́, tí ohun tí o fẹ́ràn ò wù ọ́, tí o sì ń kọ oúnjẹ tàbí oògùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ní kí dókítà rẹ fi ọ́ han dókítà ìlera ọpọlọ. Ó wà nínú ilé ìwòsàn ńlá kan náà. Lílọ síbẹ̀ ò sọ ọ́ di wèrè, bí aládùúgbò bá tiẹ̀ ní Arò ni wọ́n ń gbé ọ lọ.

Bí o bá ń ronú láti pa ara rẹ, tàbí o ń kó oògùn pamọ́, má dúró di ọjọ́ kíníìkì. Jí ẹnì kan lóru òní, kí o sọ ọ́ láìfi bò: "Mo ń ronú láti pa ara mi, ẹ má fi mí sílẹ̀ lémi nìkan." Ẹni tí o jí kò gbọ́dọ̀ bá ọ wí, kò sì gbọ́dọ̀ sùn. Kó kó gbogbo oògùn ilé sọ́dọ̀ ara rẹ̀, kó sì gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn.

11. Lẹ́yìn tí oògùn bá parí

Àwọn ará ilé á ṣe ìdúpẹ́, ìwọ á sì máa bẹ̀rù ju ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀, torí pé nígbà tí o ń gba oògùn, ó kéré tán o mọ̀ pé nǹkan kan ń bá àìsàn náà jà. Ẹ̀rù á le jù ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tún yẹ̀ ọ́ wò. Gba déètì tí ó sún mọ́ ọjọ́ àyẹ̀wò fún gbígba èsì, má jẹ́ kí èsì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, má sì dá lọ gbà á. Kí o tó kúrò ní wọ́ọ̀dù, gba ìwé tó kọ orúkọ àìsàn rẹ, gbogbo oògùn tí o gbà àti àpapọ̀ ìwọ̀n wọn sílẹ̀, pàápàá doxorubicin, torí pé ó lè kan ọkàn-àyà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ya fọ́tò rẹ̀ sí fóònù, kí o sì fún màmá rẹ ní ẹ̀dà kan.